Ẹni Tó Ń Dúró Sábẹ́ Òrùka

Bíríkì ìkẹyìn wọlé sí àyè rẹ̀, Adérógbà sì fi òòlù rọ́bà kàn án. Ohùn tó jáde dáa. Ó le, ó sì kúrú, bí ìgbà tí èèyàn bá fi ìka lu ìkòkò tí kò sán. Ó gbé òòlù náà sílẹ̀, ó gbójú sókè.

Bíríkì tò lọ láti ẹ̀gbẹ́ kan ìléru náà, ó gba òkè orí rẹ̀ kọjá, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Kò sí pákó kan lábẹ́ wọn. Apá irin ló gbé wọn dúró, apá kan fún bíríkì kan, atẹ́gùn ló sì ń ti àwọn apá náà láti inú. Ó dà bí ìgbà tí odidi abúlé bá na ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan náà láti gba òrùlé mú kó má wó. Láti ìgbà tí Adérógbà ti ń to bíríkì inú ìléru, kò rí irú rẹ̀ rí. Iṣẹ́ tí pákó àti jáàkì máa ń fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ fà, wọ́n ti ṣe é tán kí oòrùn tó kan àtàrí.

"Ó dáa gan-an," ni Ẹnjiníà Dúpẹ́ Ṣóbándé wí. "Ó yá, kí gbogbo wa bọ́ sẹ́yìn ìlà pupa tó wà nílẹ̀ yẹn. Mo fẹ́ tú apá irin sílẹ̀."

Obìnrin Abẹ́òkúta ni Dúpẹ́, kò tí ì pé ogójì ọdún. Àwọn tó ta ẹ̀rọ náà ló rán an wá sí Ọ̀tà láti tò ó, láti dán an wò, kí ó sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Láti ìgbà tó ti dé, kò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sì máa ń dọ̀tí ju ti àwọn ọkùnrin lọ.

Kò sí ẹni tó mira. Nùrẹ́nì, igbákejì Adérógbà, ń wo bàtà ara rẹ̀. Kàdírì, tó lágbára jù nínú gáàngì náà, ń wo Adérógbà. Àwọn yòókù ń wo Kàdírì.

Adérógbà bọ́ akoto orí rẹ̀, ó gbé e fún Nùrẹ́nì. Ó rìn lọ sí abẹ́ bíríkì ìkẹyìn náà, ó dúró, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Irun orí rẹ̀ ti funfun tán.

"Bàbá, ẹ̀yìn ìlà pupa ni mo wí."

"Mo gbọ́ yín."

"Ẹ ti bọ́ akoto."

"Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, Ẹnjiníà. Ẹ tú u sílẹ̀."

Dúpẹ́ wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí irin tí wọ́n fi ń darí ẹ̀rọ náà. Ó mú ọwọ́ kúrò, ó fi àgádágodo ti irin náà pa, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

"N kò lè tú u sílẹ̀ lé èèyàn lórí," ni ó wí. "Apá irin á gbé e ró títí di ọ̀la. Iṣẹ́ òní parí."

Ìléru náà rí bí páìpù irin kan tó gùn bí ọkọ̀ ojú irin, tó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mọ́tò lè wọ inú rẹ̀. Òkúta ẹfun ni wọ́n ń sun nínú rẹ̀. Bí kò bá sí bíríkì tí wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀ yí ká, iná á yọ́ irin náà bí àbẹ́là. Lọ́dọọdún ni bíríkì náà ń jẹ tán, lọ́dọọdún ni gáàngì Adérógbà sì ń to òmíràn, òrùka kan tẹ̀ lé òrùka kan, láti ẹnu ìléru dé ìdí rẹ̀.

Àṣà kan wà nínú gáàngì náà. Bàbá Oyèbọ́lá, ará Ìlobùú tó kọ́ Adérógbà níṣẹ́, ló fi í lélẹ̀. Bí òrùka kan bá ti pé, tí wọ́n bá fẹ́ yọ pákó tó gbé e ró, olórí gáàngì yóò ṣí fìlà, yóò lọ dúró sí abẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ yóò máa yọ igi láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí igi ìkẹyìn bá jáde tí bíríkì kò já, olórí yóò ní, "Ó gbà wá." Ìgbà yẹn ni àwọn yòókù tó lè kọjá lábẹ́ rẹ̀. Bàbá Oyèbọ́lá kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá ti mọ̀ pé orí ọ̀gá òun ni yóò wà lábẹ́ bíríkì náà kò ní fi èyí tó sán sí i, kò sì ní fi erùpẹ̀ bo àlàfo mọ́lẹ̀. Nígbà tí bàbá náà fẹ̀yìn tì, Adérógbà ló bọ́ sí abẹ́ òrùka. Kò fi ìgbà kan kọ̀ ọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Cornelius, máníjà ilé iṣẹ́ náà, kò ní kí Adérógbà jókòó nígbà tó pè é sí ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n òun náà kò jókòó. Dúpẹ́ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Bàbá, àwọn tó ni ilé iṣẹ́ ń bọ̀ lọ́la wá wo ẹ̀rọ yìí," ni Cornelius wí. "Kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Ẹ sọ fún wọn pé ó ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mo rí lónìí kọjá ohun tí mo rò pé ọmọ èèyàn lè ṣe."

"Bí ó bá ń ṣiṣẹ́, kí lẹ wá ń dúró sábẹ́ rẹ̀ fún?"

Adérógbà wo ìta láti ojú fèrèsé.

"Bàbá," ni Dúpẹ́ wí, "bí ẹnikẹ́ni bá wà lábẹ́ rẹ̀ lọ́la, n kò ní sọ pé gáàngì yìí ti mọ ẹ̀rọ náà lò. Kì í ṣe ìbínú."

"Bí kò bá sì sọ bẹ́ẹ̀," ni Cornelius fi kún un, "gáàngì mìíràn ni wọ́n máa kó wá láti Èkó. Ẹ mọ iye ilé tó ń retí ọwọ́ yín."

"Mo mọ̀ wọ́n."

Ó dágbére, ó jáde. Cornelius dúró títí ìró bàtà rẹ̀ fi jìnnà.

"Ẹ bá mi fi sùúrù bá a ṣe," ni ó sọ fún Dúpẹ́. "Abẹ́ òrùka ni ọmọ rẹ̀ kú sí lọ́dún tó kọjá. Ikú yẹn ló jẹ́ kí wọ́n ra ẹ̀rọ yìí."

Dúpẹ́ yí ojú kúrò lára fèrèsé. "Ẹ ò sì sọ fún mi láti ọjọ́ tí mo ti dé."

"Kí ni ǹ bá ní?"

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ kò gùn láti sọ. Adérógbà lọ sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Ọ̀yọ́. Òrùka kan ti pé, wọn kò sì lè dúró dè é. Ayọ̀rìndé ọmọ rẹ̀, tó ti ń bá a ṣiṣẹ́ láti ìgbà tó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, ní òun á dúró dípò bàbá òun. Ó ṣí fìlà, ó dúró. Wọ́n ń yọ igi. Ọ̀kan nínú àwọn tó kù ni ikán ti jẹ nínú láìjẹ́ pé ara rẹ̀ fi hàn. Ó ṣẹ́, ó sì fa àwọn yòókù wá. Kò sí ẹni tó to bíríkì tí kò tò ó dáadáa. Pákó ló ṣẹ́.

Adérógbà bá ọkọ̀ ilé iṣẹ́ dé abẹ́ bíríìjì Sàǹgó, ó sì wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sí Ojú Òòrè. Ní àkókò yẹn, ilé ń hù ní Ọ̀tà bí olú. Níbi tí wọ́n ti ń rọ ìṣó tẹ́lẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ti gba ibẹ̀. Níbi tí ẹ̀gẹ́ wà, wọ́n ti ń kọ́ ilé ibùgbé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo bíríkìlà tó bá mọ okùn ta ló ń ríṣẹ́. Ẹ̀rọ tuntun náà gan-an, odidi ọjọ́ kan àti òru kan ni ọkọ̀ tó gbé e fi dúró lójú ọ̀nà Ìdíròkò nítorí èrò ìpàdé ìsọjí. Nùrẹ́nì ní ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ gba ìwòsàn kó tó wá bá àwọn.

Ẹfúnkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo nígbà tó wọlé. Ìwé àti báírò ló ń tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ìyànà Ìyẹsí. Ó kí i káàbọ̀, ó gbé omi fún un, ó sì padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

"Nùrẹ́nì yà lọ́dọ̀ mi," ni ó wí.

"Ẹnu rẹ̀ kì í gbé nǹkan dúró."

"Ó ní ẹ tún lọ dúró."

"Mo lọ dúró."

"Lábẹ́ irin tí wọ́n rà nítorí kí ẹnikẹ́ni má baà dúró mọ́."

Adérógbà mu omi náà tán. Ó fi ife sílẹ̀.

"Bàbá Ayọ̀rìndé," ni obìnrin náà pè é.

Ó gbójú sókè. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti kú, kò sí ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Bàbá Ṣadé ni gbogbo àdúgbò yí i sí, lórúkọ ọmọbìnrin wọn tó wà nílé ọkọ ní Ìbàdàn. Ẹfúnkẹ́ náà ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

"Ṣé ẹ fẹ́ lọ bá a ni?"

"Rárá."

"Kí ló wá dé?"

Òbí kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ sí. Àwọn ẹbí ló gbé Ayọ̀rìndé lọ lọ́jọ́ náà. Wọ́n padà dé pẹ̀lú erùpẹ̀ lẹ́sẹ̀, wọn kò sọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀, òun náà kò sì bi wọ́n.

"Abẹ́ òrùka nìkan ni mo mọ̀ tó dúró sí," ni Adérógbà wí. "N kò mọ ibòmíràn. Ìyẹn jẹ́ ọ̀kan. Èkejì ni pé, bí mo bá wá dé iwájú àwọn ọmọ yẹn lọ́la, tí mo ní kí ẹnikẹ́ni má dúró mọ́, pé kò pọn dandan, kí wá ni ọmọ yẹn kú fún?"

Ẹfúnkẹ́ ṣa òkúta kan jáde nínú ẹ̀wà, ó wò ó, ó jù ú síta.

"Kò kú fún nǹkan kan," ni ó wí. "Ó kú ni. Èmi náà ti wá a títí. N kò rí nǹkan kan."

Adérógbà ń wo ilẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tún kú síbẹ̀ báyìí tí irin ti dé, a mọ ohun tí ìyẹn máa kú fún. Ẹ̀yin ló máa kú fún."

Ó gbé àwo ẹ̀wà rẹ̀, ó wọ ilé ìdáná lọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lódìkejì títì, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í dán ẹ̀rọ gbohùngbohùn wò. "Ọ̀kan, èjì. Ọ̀kan, èjì." Kò kọjá èjì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, gáàngì náà péjọ sí ẹnu ìléru. Wọ́n ti fọ aṣọ iṣẹ́ wọn. Kàdírì tilẹ̀ fi ọṣẹ fọ bàtà.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀," ni Nùrẹ́nì wí. "Mo gbọ́ pé wọ́n fẹjọ́ mi sùn nílé yín."

"Ìwọ lo lọ fẹjọ́ mi sùn."

"Mo kàn lọ ra báírò ni."

"Kí ni o fẹ́ fi báírò ṣe, Nùrẹ́nì?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Nùrẹ́nì náà rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ mọ̀ pé bí wọ́n bá lé wa lónìí, ebi kò lè pa wá? Mo ti bá wọn kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́rin ní Ọ̀tà yìí. Lemọ́ọ̀mù wa ní Àtàn pè mí sí kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, ó bi mí bóyá mo ti yí padà."

"Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní mo ti yí padà o, mo ní mo ti yí padà kúrò nídìí búlọ́ọ̀kù, bíríkì ni mò ń tò báyìí."

Adérógbà jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Kàdírì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu ara akoto rẹ̀ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Bàbá, mo fẹ́ sọ nǹkan kan."

"Sọ ọ́."

"Ẹ jẹ́ kí èmi dúró. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ yẹn lọ́hùn-ún ṣókùnkùn. Bí gbogbo èèyàn bá ti ń lọ sẹ́yìn ìlà, màá fara pamọ́ síbẹ̀, màá sì bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹnjiníà kò ní rí mi. Ẹ̀yin á ti wà lọ́dọ̀ wọn lẹ́yìn ìlà. Ojú kò ní tì yín, iṣẹ́ kò ní bọ́, òrùka náà á sì ní ẹni tó dúró fún un."

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Èmi ni mo ń yọ igi lápá ọ̀tún lọ́jọ́ ti Ayọ̀rìndé. Mo fẹ́ kí a dúró de yín. Ó ní kí n má bẹ̀rù, kí n máa yọ ọ́."

Nùrẹ́nì ló fọhùn, kò sì fi ṣeré mọ́.

"Ọ̀rọ̀ rẹ̀ nítumọ̀, Bàbá. Òrùka tí kò sẹ́ni tó dúró fún un, ta ló máa kọjá lábẹ́ rẹ̀? Ẹ̀rọ yẹn lágbára, n kò sọ pé kò lágbára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rọ ló ń to bíríkì, àwa ni. Bí a bá ti mọ̀ pé kò sí orí ẹnì kankan lábẹ́ rẹ̀, kò ní pẹ́ tí a ó fi máa fi bíríkì sísán dí àyè. Bí Kàdírì kò bá dúró, èmi á dúró."

Ọ̀kan nínú àwọn tó wà lẹ́yìn ní òun náà á dúró. Adérógbà wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni Nùrẹ́nì sọ. Ó sì rí i pé kò sí ẹni tó ń bẹ̀rù nínú wọn. Ohun tó bà á lẹ́rù nìyẹn. Wọ́n ti tò sẹ́yìn Ayọ̀rìndé, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀.

"Kàdírì."

"Bàbá."

"Ìyàwó rẹ ńkọ́?"

"Ó wà, Bàbá."

"Ṣé ó ti bí?"

"Ó ti wọ oṣù ẹ̀."

"O sì fẹ́ fara pamọ́ sínú òkùnkùn."

Kàdírì tẹ orí ba.

"Ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ, nítorí n kò ní tún un sọ," ni Adérógbà wí. "Ẹnì kan ti dúró fún gbogbo òrùka tí a ó tò títí a ó fi fẹ̀yìn tì. Ó tó. Kò sí ẹni tó máa dúró mọ́, àti èmi náà. Ẹni tó bá mú bíríkì sísán lọ́wọ́, kó rántí ẹni tó dúró. Bí ìyẹn kò bá mú un jù ú sọnù, kó lọ máa bá wọn kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì."

Nùrẹ́nì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "A ti gbọ́, Bàbá."

Dúpẹ́ dé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Cornelius tẹ̀ lé e, àwọn tó ni ilé iṣẹ́ sì tẹ̀ lé Cornelius, pẹ̀lú akoto tuntun tí wọn kò mọ̀ ọ́n dé. Dúpẹ́ kọ́kọ́ wá bá Adérógbà. Ó tẹ orúnkún díẹ̀.

"Bàbá, n kò mọ̀ lánàá. Ẹ kú àmójúkúrò."

"A dúpẹ́."

"Ìlà pupa ṣì wà níbẹ̀ o."

"Mo rí i. Ẹnjiníà, ta ló máa di irin ìdarí yẹn mú nígbà tí ẹ bá lọ?"

"Ẹni tí ẹ bá yàn."

"Kàdírì ni."

Wọ́n wọ inú ìléru. Òrùka àná ṣì wà lórí apá irin, kò yẹ̀ rárá. Gbogbo òru ni apá náà fi nà sókè tí kò rẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ni ilé iṣẹ́ dúró sí ọ̀ọ́kán, wọ́n dákẹ́, bí ẹni tó wọ ilé Ọlọ́run tí kì í ṣe ti ìjọ rẹ̀. Dúpẹ́ ṣí àgádágodo, ó pe Kàdírì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ṣé o rí irin yìí? Títú rẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́ rẹ. Ọmọdé lè tú u. Wíwò ni iṣẹ́ rẹ. Kí o tó fọwọ́ kàn án, o máa fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ òrùka láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Bí o bá rí èèyàn, o máa ní kó jáde. Bí kò bá jáde, o ò ní tú u. Kò sẹ́ni tó ga ju ìlà yẹn lọ. Kì báà ṣe máníjà. Kì báà ṣe èmi."

"Mo ti gbọ́, mà."

"Ó yá."

Àwọn ọmọ gáàngì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sẹ́yìn ìlà. Adérógbà fẹ́ fi òòlù lu bíríkì ìkẹyìn náà lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó lọ, nítorí náà ó gun orí pèpéle ẹ̀rọ náà, ó lù ú, ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ó wà lábẹ́ òrùka. Ó fẹ́ máa lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé. Kì í ṣe pé ó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ó kàn jẹ́ pé ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ náà mọ̀ pé ó máa ń dúró sí bí iṣẹ́ bá dé ibi tó dé yìí, kò sì tí ì gbọ́ pé nǹkan ti yí padà. Ibẹ̀ dákẹ́. Ó rò pé bí ó ti dákẹ́ fún Ayọ̀rìndé náà nìyẹn.

Ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì Kàdírì bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí bíríkì ilẹ̀. Ó kan bàtà Adérógbà, ó dúró.

Nùrẹ́nì la ẹnu, ó sì pa á dé. Cornelius fẹ́ bọ́ síwájú, Dúpẹ́ na ọwọ́ dá a dúró. Ó ń wo Kàdírì.

Kàdírì ń wo ìmọ́lẹ̀ tó wà lára bàtà náà. Láti ìgbà tó ti wọ gáàngì, bí Adérógbà bá ń sọ̀rọ̀, kì í wò ó lójú. Bí wọ́n bá jọ ń jẹun, kì í kọ́kọ́ bu òkèlè. Ó mú ọwọ́ kúrò lórí irin ìdarí náà pátápátá, ó fi pa mọ́ sẹ́yìn.

"Bàbá," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. Ó tún un sọ. "Bàbá, n kò ní tú u. Ẹ jáde."

Adérógbà gbọ́ ọ. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì. Ó rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, ó kọjá ìlà pupa, ó dúró láàárín àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Nùrẹ́nì sún fún un.

Kàdírì tún fi tọ́ọ̀ṣì wo ibẹ̀ láti òpin dé òpin. Ó wo Dúpẹ́. Dúpẹ́ mi orí sí i pé ó yá. Ó fa irin náà.

Atẹ́gùn tú síta pẹ̀lú ìró gígùn kan, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́yìn ìrìn àjò. Àwọn apá irin bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló kọ́kọ́ wá, lọ́tùn-ún lósì, lẹ́yìn náà àwọn tó ga díẹ̀, wọ́n ń fi bíríkì sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, títí ó fi ku ẹyọ kan tó wà lábẹ́ bíríkì ìkẹyìn. Òun náà wálẹ̀. Eruku díẹ̀ jábọ́. Kò sí ohun mìíràn tó jábọ́.

Òrùka náà dúró. Iná mànàmáná tí wọ́n tàn sí ìdí ìléru ń bọ̀ gba àárín rẹ̀, gbogbo etí bíríkì sì ń tàn ní àwọ̀ ẹ̀pà yíyan. Ó yí po láìní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí igi, kò sí irin, kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀. Bíríkì ń fara ti bíríkì. Ohun tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ rọra gbé ara rẹ̀ dúró lókè, ó sì dákẹ́. Ẹnì kan láàárín àwọn tó ni ilé iṣẹ́ ṣí akoto rẹ̀ láìmọ̀, Dúpẹ́ sì ní kó dé e padà.

Adérógbà kò lè mú ojú kúrò lára rẹ̀. Nígbà tó jẹ́ ọmọ iṣẹ́, igi tó ń yọ àti orí ọ̀gá rẹ̀ ló máa ń wò; láti ìgbà tó sì ti di olórí, abẹ́ òrùka ló máa ń wà nígbà tí wọ́n bá tú u. Etí ló fi máa ń mọ̀ pé ó dúró. Bíríkì kan ṣoṣo tó wà lókè orí rẹ̀ ló máa ń rí.

"N kò mọ̀ pé bó ṣe rí nìyí," ni ó wí.

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, Bàbá," ni Nùrẹ́nì dá a lóhùn. "Àwa tí a wà lẹ́yìn la máa ń rí i."

Adérógbà yíjú sí i.

"Ayọ̀rìndé náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni o. Ó máa ń rí i. Bí ẹ bá wà lábẹ́ rẹ̀ báyìí, ó máa ń di ọwọ́ mi mú. Bí a bá wá wọkọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló máa ń sọ títí a ó fi dé Sàǹgó, tí n kò ní lè sùn."

"Kí ló máa ń sọ?"

Nùrẹ́nì wo òrùka náà kó tó dáhùn. Kàdírì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti ẹ̀rọ náà síwájú fún èyí tó kàn.

"Ẹ jẹ́ ká parí èyí," ni Nùrẹ́nì wí. "Màá sọ fún yín nínú ọkọ̀."